Òkè Tí Mo Gùn Nítorí Ìyá Mi

Àwọn òyìnbó máa ń gun òkè láìní ohunkóhun tí wọ́n fẹ́ tọrọ níbẹ̀. Èyí kọ́ ni ohun àkọ́kọ́ tó yà mí lẹ́nu nípa wọn, torí mo ti rí púpọ̀ kó tó kàn án. Mo ti rí ọ̀sán tó di òru kí oúnjẹ ọ̀sán tó dà nínú mi. Mo ti kúnlẹ̀ kí ìyá arúgbó kan láàárọ̀, ó sì bi mí bóyá nǹkan mi ló jábọ́ tí mò ń wá nílẹ̀. Mo ti kí aládùúgbò mi kan títí tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Gbogbo ìyẹn ni mo ti fi rẹ́rìn-ín. Ti òkè yìí nìkan ni mi ò tíì lè fi rẹ́rìn-ín, torí èmi náà bá wọn gùn ún, mo sì ní ohun tí mo fẹ́ tọrọ.

Inú ìjọ aládùúrà ni wọ́n bí mi sí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá mi ló ń rán sùtánà fún ọ̀pọ̀ èèyàn nínú ìjọ wa. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni wọ́n, ilé bàbá wọn ò jìnnà sí Ọjà Akẹ̀sán, ọkọ ló gbé wọn dé Ògbómọ̀ṣọ́, wọn ò sì jẹ́ ká gbàgbé. Bí a bá ṣe ohun tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á ní, "Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ yìí!" bíi pé kì í ṣe àwọn ló bí wa.

Òkè kan wà lọ́nà Ìkòyí-Ilé tí ìjọ wa ti máa ń gbàdúrà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá ká lára ló ń gùn ún. Á gbààwẹ̀ lọ, á bọ́ bàtà sílẹ̀ nísàlẹ̀ torí ilẹ̀ mímọ́ ni, ẹsẹ̀ lásán ni á sì fi gòkè. Màmá gùn ún nígbà tí wọ́n ń wá mi sáyé. Wọ́n tún gùn ún nígbà tí mò ń wá físà, àtàwọn àti orúnkún tó ń dùn wọ́n. Bí físà náà ṣe jáde lẹ́yìn náà, ta ló fẹ́ bá wọn jiyàn?

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti rí iṣẹ́ ní Skọ́tlándì. Mò ń wẹ̀ fún wọn, mò ń wọṣọ fún wọn, mò ń fún wọn lóúnjẹ. Wọ́n ṣèèyàn. Bàbá kan wà níbẹ̀ tí mo kọ́ ní "ẹ káàárọ̀" títí tó fi mọ̀ ọ́n. Kò sígbà tí kì í kí mi bẹ́ẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀sán, ì báà jẹ́ alẹ́. Èmi náà á kúnlẹ̀, mà á jẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ kí mi láìjẹ́ pé mo rán an létí, inú mi dùn débi pé mo pe ilé láti ròyìn ẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi ni mo máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Glasgow, níbi tí ìjọ wa ní ẹ̀ka kékeré kan sí. Ibẹ̀ ni mo ti mọ Màmá Ìbejì àti ọkọ wọn, ọmọ Ọ̀yọ́ ni àwọn méjèèjì. Ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn ni mo fi ń sọ Yorùbá lójúkojú láàárín ọ̀sẹ̀. Àwọn ọjọ́ tó kù, fóònù ni.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé, wọ́n á máa wí bẹ́ẹ̀. Èmi fẹ́ relé. Ìwé ìgbélùú mi ló wà lọ́wọ́ ìjọba, mo sì ti ń dúró dè é. Bí mo bá jáde nílùú kí ó tó jáde, mo ti sọ ọ́ nù nìyẹn, mi ò sì ní lè padà wọlé mọ́. Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi lónìí. Ẹ̀yìn gbogbo ohun tí mò ń sọ yìí ló dé.

Ibi tí mo ti ń dúró dè é ni mo wà tí àrùn rọpárọsẹ̀ fi kọlu Màmá. Apá kan ara wọn kú, ohùn wọn sì lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé, tó ń wa ọkọ̀ èrò láàárín Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́, ló gbà wọ́n sọ́dọ̀. Bí mo bá ti pè, Bọ̀ọ̀dá á gbé fóònù sí Màmá létí, mà á máa sọ̀rọ̀ lọ, Màmá á sì dá mi lóhùn ní "hùn." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi tí mo mọ ẹnu ìyá mi dáadáa wá ń gbé ọ̀sẹ̀ lórí "hùn" kan ṣoṣo.

Ohun tó dùn mí jù nígbà náà ni pé bí mo bá ti gbé fóònù sílẹ̀, mà á lọ wẹ̀ fún ìyá ẹlòmíràn. Mà á fi ọwọ́ wo omi bóyá ó gbóná jù. Mà á fọ ẹ̀yìn wọn, mà á nu àárín ìka ẹsẹ̀ wọn, wọ́n á sì sọ fún mi pé ọwọ́ mi rọ̀. Ọwọ́ mi rọ̀ lóòótọ́. Ìyá mi ni kò mọ̀ bó ṣe rọ̀ tó.

Ìgbà yẹn ni àwọn ọ̀gá wa kéde pé ilé iṣẹ́ máa gun òkè ńlá kan láti fi kó owó àánú jọ, wọ́n sì ní gbogbo ẹni tó bá gùn ún á sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì ńlá tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń béèrè irú wáìnì tó wà ní hòtẹ́ẹ̀lì. Èmi ń béèrè bí òkè náà ṣe ga tó. Wọ́n ní ó ga gan-an, pé yìnyín máa ń wà lórí rẹ̀. Mo ní ẹ kọ orúkọ mi sílẹ̀.

Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tá a máa gòkè, mo pe Bọ̀ọ̀dá.

"Mo fẹ́ gun òkè nítorí Màmá," ni mo wí.

Mò ń gbọ́ tí àwọn obìnrin ń kọrin ìjọ lẹ́yìn wọn.

"Ta ló ń kọrin, Bọ̀ọ̀dá?"

"Àwọn ìjọ ni. Wọ́n wá sílé."

"Áà, Ọlọ́run á gbọ́ tiwọn, á sì gbọ́ tèmi. Ẹ gbé fóònù sí Màmá létí."

"Wọ́n ń sùn. Òkè yẹn, ṣé kò léwu?"

"Ewu wo ló wà lórí òkè àdúrà?"

"Ó dáa. Ṣá wọ bàtà o."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ ìjọ, ọmọ Màmá, òun ló ń sọ fún mi kí n wọ bàtà lọ sórí òkè àdúrà! Mo ní àyà Bọ̀ọ̀dá ti ń já jù láti ìgbà tí Màmá ti ń ṣàìsàn.

Wọ́n máa ń sọ pé ká ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe é, kó lè baà rí bó ṣe ń rí. Nígbà tá a dé ẹsẹ̀ òkè, mo jókòó sórí òkúta, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn bàtà mi. Ọkùnrin tó ń ṣe amọ̀nà wa wò mí bíi pé orí mi ti dàrú. Ó ní òun ò ní mú ẹni tí kò wọ bàtà gòkè, pé òkúta á gé mi, òtútù á sì pa mí. Mo ṣàlàyé, kò yé e. Mo bá wọ bàtà mi padà, ṣùgbọ́n mo sọ fún Ọlọ́run lọ́kàn mi pé kó fara dà á títí mà á fi dé òkè.

Eileen, obìnrin tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ń fún mi ní ṣokoléètì lójú ọ̀nà. Mo ń dúpẹ́, mo ń tì í sápò, torí mo ti ń gbààwẹ̀ bọ̀ láti ilé. Kí a tó dé ìdajì, itan mi ti ń gbọ̀n. Afẹ́fẹ́ ń gbá mi létí. Àwọn èèyàn ń kọjá lára wa pẹ̀lú ajá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sọ pé ojú ọjọ́ dára. Mo bi Eileen ohun tí wọ́n wá ṣe.

"Wọ́n wá gun òkè ni," ló wí.

"Mo mọ̀. Kí ni wọ́n wá ṣe níbẹ̀?"

"Wọ́n á dé orí ẹ̀, wọ́n á wo ìsàlẹ̀, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀."

Mo káàánú wọn nígbà náà. Irú làálàá báyìí, láìsí orúkọ ẹnì kan tí wọ́n fẹ́ dá níwájú Ọlọ́run. Lónìí, mo máa ń ṣe ìlara wọn.

Nígbà tá a dé òkè téńté, àwọn yòókù ń ya fọ́tò. Mo yà sẹ́yìn òkìtì òkúta kan, mo bọ́ bàtà, mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀, mo fi ìborùn funfun mi wérí, mo kúnlẹ̀ lórí yìnyín. Mo pe Màmá ní orúkọ tí bàbá wọn sọ wọ́n, tí àwa ọmọ kì í pè. Mi ò bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ kí wọ́n dìde kí wọ́n máa sáré. Mo mọ ohun tí rọpárọsẹ̀ ń ṣe, iṣẹ́ mi ni. Mo kàn ní kó dá wọn sí títí ìwé mi á fi jáde, kí n dé ilé, kí n wẹ̀ fún wọn lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo tọrọ.

Mo gbàdúrà títí n kò fi mọ̀ pé mo ní ẹsẹ̀ mọ́. Eileen ló wá mi kàn, ó kígbe. Wọ́n ki ẹsẹ̀ mi bọ bàtà bí wọ́n ṣe ń ki ti ọmọ ọwọ́. Bá a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ojú mi ṣú, mo ṣubú, àwọn ọkùnrin inú wa sì gbé mi dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí mo lajú dáadáa, mo ti wà ní hòtẹ́ẹ̀lì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, hòtẹ́ẹ̀lì yẹn dára. Ìrọ̀rí ibẹ̀ rọ̀ ju òwú lọ. Kápẹ́ẹ̀tì wọn nípọn débi pé ẹni tó ń rìn lójú ọ̀nà kì í dún. Dókítà tó wá wò mí ní òtútù ti ba awọ ẹsẹ̀ mi jẹ́ àti pé ebi wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ó di ẹsẹ̀ mi ní báńdéèjì, ó ní n kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀gá wa ní kí n dúró síbẹ̀ kára mi mókun, pé kò sí ohun tí mà á san. Eileen dúró tì mí lọ́jọ́ kìíní. Ó gbé omi lọ́wọ́ọ́wọ́ wá, ó sì fi aṣọ nu apá mi, ọrùn mi àti ẹ̀yìn mi. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yẹn, èmi ni mò ń wẹ̀ fún èèyàn. Mo kọjú sí ògiri kó má baà rí omijé mi.

Ọjọ́ kejì, ó jẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, mo pe Bọ̀ọ̀dá.

"Bọ̀ọ̀dá, mo ti gùn ún! Ẹ gbé fóònù sí Màmá létí, àwọn gan-an ni mo fẹ́ ròyìn fún."

"O kú ewu òkè. Ṣé o ti jẹun?"

"Mà á jẹun. Ẹ gbé e sí wọn létí ná."

Ó pẹ́ díẹ̀. Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀, mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn pa dé. Bọ̀ọ̀dá ní, "Ó ti wà níbẹ̀."

Mo sọ gbogbo ẹ̀. Mo sọ ti amọ̀nà tó rò pé mo ya wèrè, mo sọ ti ajá tó ń gòkè, mo sọ ti ṣokoléètì tó kún àpò mi, mo sọ orúkọ hòtẹ́ẹ̀lì tí mo dùbúlẹ̀ sí. Mo ní, "Màmá, àní ajá wọn ò gbààwẹ̀!" Mo sọ ohun tí mo tọrọ lórí òkè. Mo ní kí wọ́n ràn mí lọ́wọ́, kí wọ́n dúró dè mí, kò ní pẹ́ mọ́. Nígbà tí mo dákẹ́, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo ní, "Màmá, ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi?"

"Hùn."

Ohùn náà nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Agbára wà nínú ẹ̀. Ayọ̀ gbé mi, mo ní Ọlọ́run ti gbọ́, àní kí n tó sọ̀ kalẹ̀ ló ti gbọ́! Mo pe àwọn tó ń gbé oúnjẹ, mo ní kí wọ́n gbé ohunkóhun tó bá gbóná wá. Mo jẹ ọbẹ̀, mo jẹ ẹran, mo jẹ àkàrà òyìnbó wọn tó ní wàrà lórí. Mi ò rántí ọjọ́ kan tí inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ yẹn, ṣáájú rẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Màmá Ìbejì ni, àwọn àti Bàbá Ìbejì, láti Glasgow. Mo fẹ́ fò dìde, ẹsẹ̀ ò jẹ́. Mo fi orí kí wọn lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ káàbọ̀ mà, ẹ káàbọ̀ sà! Ẹ kú ọ̀nà o! Ta ló sọ fún yín pé mo wà níbí?"

"Ẹ̀gbọ́n ẹ ló pè wá," ni Màmá Ìbejì wí. "O kú ewu, ọmọ mi."

Wọ́n gbé fúláàsì jáde nínú báàgì. Wọ́n ti se àsáró, wọ́n fi ẹja sí i. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sọ̀rọ̀ lọ. Mo ní, "Ẹ ò gbọ́, ohùn Màmá ti ń padà bọ̀ sípò!" Bàbá Ìbejì yọ fóònù wọn, wọ́n pa á. Àga méjì wà nínú yàrá náà, àga tó dára, ṣùgbọ́n Màmá Ìbejì kò jókòó sórí ìkankan. Ẹ̀gbẹ́ mi lórí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n jókòó sí. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọn ò sì fi í sílẹ̀.

Ní ọ̀dọ̀ wa, a kì í túfọ̀ fún ẹni tó dá wà. A kì í sọ ọ́ lórí fóònù fún ọmọ tó wà lájò. Wọ́n á wá àgbà tó máa jókòó tì í, tó máa lè gbá a mú bó bá fẹ́ ṣe ara ẹ̀ léṣe. Wọ́n á ní kó kọ́kọ́ jẹun. Mo ti bá wọn ṣe é rí fún ẹlòmíràn nílé, nítorí náà mo mọ ohun tí àgbà méjì àti àsáró kan wá ṣe nínú yàrá mi.

"Jẹun ná," ni Màmá Ìbejì wí.

"Mà, ẹ dákun, ẹ má tíì sọ ọ́."

Omi lé sí wọn lójú. "Mi ò tíì sọ nǹkan kan, ọmọ mi."

"Mo mọ̀ mà. Ẹ má sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n jẹun tán."

Mo jẹ àsáró yẹn díẹ̀díẹ̀. Mi ò mọ adùn, mi ò mọ iyọ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá ti gbé síbí sílẹ̀, n kò ní ìyá mọ́, mo wá ń ha ìsàlẹ̀ abọ́ tó ti tán. Kò sẹ́ni tó dá mi dúró nínú wọn. Nígbà tó pẹ́, Bàbá Ìbejì gba abọ́ náà lọ́wọ́ mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, Màmá Ìbejì sì sọ ọ́.

Mo sunkún dé ibi tí ẹkún dé. Ohun àkọ́kọ́ tí mo béèrè ni pé, "Ṣáájú ni àbí lẹ́yìn? Ṣé kí n tó gun òkè ni?"

Wọ́n wojú ara wọn.

"Ṣáájú ni," ni Bàbá Ìbejì wí.

Mo ní kí wọ́n bá mi pe Bọ̀ọ̀dá. Inú ń bí mi. Òkò àbínújù kì í pẹyẹ, mo mọ̀, ṣùgbọ́n èmi ò fẹ́ pa ẹyẹ kankan, mo kàn fẹ́ ju òkò ni.

"Ẹ gbọ́ mi tí mo ní mo fẹ́ gun òkè nítorí Màmá, ẹ sì jẹ́ kí n lọ?"

"A ń wá ẹni tó máa wà lọ́dọ̀ ẹ," ni Bọ̀ọ̀dá wí. "O ò ní ẹnì kankan níbẹ̀. Àwọn ẹbí ní ká má sọ ọ́. Mo ní kí n sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, ẹnu mi ò gbà á."

"Àwọn tó ń kọrin ńkọ́?"

"Wọ́n wá bá wa kẹ́dùn ni."

Mi ò fẹ́ béèrè èyí tó kù, ṣùgbọ́n ó ti wà lẹ́nu mi. "Lọ́jọ́ Ìsinmi, tí mo ń ròyìn fún Màmá. Ẹnì kan dá mi lóhùn. Ta ni?"

"Èmi ni," ni Bọ̀ọ̀dá wí. "O ní ṣé wọ́n ń gbọ́ ẹ. Mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe."

Ìbínú mi tán síbẹ̀. Mo rí wọn lójú ọkàn mi, ọkùnrin tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, tí ohùn ẹ̀ ń bo ariwo gáréèjì mọ́lẹ̀, tó ti ilẹ̀kùn mọ́rí tó ń fi etí ara ẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ tí mo ń bá ìyá wa sọ. Ajá tí kò gbààwẹ̀, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n gbọ́, tí wọn ò lè rẹ́rìn-ín.

"Wọ́n dà báyìí?" ni mo wí.

"Mọ́ṣúárì. Ẹbí ti ṣèpàdé ní Ọ̀yọ́. Wọ́n ní ìwọ ni àkọ́bí obìnrin, àwọn ò ní sin Màmá láìsí ẹ, àfi tó o bá fẹnu ara ẹ sọ pé ká sin wọ́n. Bó o bá ní ká dúró, a máa dúró."

"Ìwé mi ò tíì jáde. Bí mo bá wá, mo wá nìyẹn, Bọ̀ọ̀dá."

"Mo mọ̀."

"Àwọn ọmọ yín ṣì wà nílé ìwé, èmi ni mò ń san owó wọn."

"Mo mọ̀. Mi ò lè fi ìyẹn bẹ̀ ẹ́. Wàá ṣe é bó bá ṣe tọ́ lójú ẹ."

"Bí mo bá ní kẹ́ ẹ dúró, mi ò mọ ìgbà tẹ́ ẹ máa dúró dà. Ó lè jẹ́ oṣù tó ń bọ̀, ó lè jẹ́ ọdún tó ń bọ̀."

Màmá Ìbejì di ọwọ́ mi mú síbẹ̀. Mo ronú nípa Màmá nínú òtútù ibi tí wọ́n gbé wọn sí, tí wọ́n ń dúró de ìwé ìjọba ìlú tí wọn ò dé rí. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dúró dè mí. Mi ò lè tún bẹ̀ wọ́n.

"Ẹ sin wọ́n," ni mo wí.

Mo gbọ́ tí Bọ̀ọ̀dá bú sẹ́kún. Mi ò gbọ́ ẹkún wọn rí, àní nígbà tí bàbá wa kú. Nígbà tí wọ́n rí ohùn sọ̀rọ̀, wọ́n ní, "O ṣé, àbúrò mi. O ṣeun gan-an." Ẹ̀gbọ́n mi ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, pé mo gbà kí wọ́n sin ìyá wa láìsí mi.